Ìfun Rédíògíráàmù Bàbá Télọ̀

Ẹ má wulẹ̀ bi Ọ̀gá Fáàfù léèrè ìdí tí kò fi lè jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó yọ ìfun rédíògíráàmù onírédíògíráàmù, tó sì fẹ́ gbé e padà fún un bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, oúnjẹ wo ló fẹ́ gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá?

Bàbá Télọ̀ ló ni ẹrù. Ó ti pẹ́ tó ti gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Fáàfù tó ń tún rédíò ṣe: àpótí gígùn onígi pupa, rédíò lápá kan, ẹ̀rọ àwo lápá kejì. Irin kan wà láàárín ẹ̀rọ àwo náà tí wọ́n ń to àwo mẹ́fà lé. Bí èyí tó wà nísàlẹ̀ bá kọrin tán, òmíràn á já bọ́ lé e lórí fúnra rẹ̀. Bàbá ní, "Ọmọ mi, bá mi jí i. Ara ìyàwó mi ò yá, orin rẹ̀ ló ń bèèrè." Ó lọ, kò padà wá. Oṣù gorí oṣù, ọdún gorí ọdún. Àwọn kan ní ó ti gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn, àwọn kan ní bàbá ti kú. Ọ̀gá Fáàfù ò wádìí síwájú sí i, nítorí èyí tó fẹ́ gbọ́ ló gbọ́ yẹn.

Àwọn tó ń tún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ṣe ní àṣà tiwọn: òkú ẹ̀rọ ní í bọ́ alààyè. Fáàfù, àwọn gílóòbù onígíláàsì tó gbọ́dọ̀ pọ́n, kó gbóná, kí ohùn tó jáde, ti wọ́n lọ́jà. Bí oníbàárà kan ṣe dé, ó yọ méjì nínú ti Bàbá Télọ̀. Bí òmíràn ṣe dé, ó yọ méjì tó kù. Nígbà tó yá, tíráńsífọ́mà náà bá wọn lọ. "Ta ló ń kọrin fún òkú?" ló ń sọ fún ara rẹ̀. Ẹ ò rí ẹnu olè!

Àfi bí Bàbá Télọ̀ ṣe yọ sí i lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ọ̀pá lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu. "Ọmọ mi, ṣé ó ti jí? Ojú ìyàwó mi ti lọ pátápátá. Etí nìkan ló kù fún un."

Yéè! Ibi tó ti yẹ kó sọ òótọ́ nìyẹn. Ó ní, "Ó kù díẹ̀, Bàbá. Màá gbé e wá bá yín nílé."

Ó ṣiṣẹ́ o, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó fi kẹrosíìnì fọ gíríìsì tó ti gan mọ́ ẹ̀rọ àwo, ó pààrọ̀ rọ́bà tó ti le, títí àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láì há. Ó fi sánpépà ha pákó, ó kùn ún, ó ń dán. Ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí fáàfù wà, ẹ̀rọ tuntun kékeré kan, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó ń mú ohùn jáde láì gbóná, ló dè síbẹ̀. Ó wá to gílóòbù pupa wẹ́wẹ́ sẹ́yìn aṣọ tó bo iwájú àpótí náà, kí ẹni tó bá wò ó lè rò pé fáàfù ló ń pọ́n. Ojú ń tì í bó ṣe ń tò ó, síbẹ̀ ó tò ó dáadáa.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n gbé e dé pálọ̀ Bàbá. Bàbá to àwo. Èyí àkọ́kọ́ já bọ́, orin sọ. Ìyá rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ ń tẹ̀ lé orin, Bàbá sì ń fi èjìká jó lórí ìjókòó. Ọ̀gá Fáàfù bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé Ọlọ́run ti bo òun láṣìírí.

"Ẹ mú mi súnmọ́ ọn," Ìyá ní. Ó fọwọ́ wá igun kan lórí àpótí náà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i. "Ibí yìí ni mo máa ń sá aṣọ ìdí àwọn ọmọ sí nígbà òjò." Ó dúró, ó tún dúró. "Bàbá, ó mà tutù."

"Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mi nìyẹn!" Bàbá ní. "Ó ti wo ibà àpótí náà sàn! Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ ò ní rọ láéláé."

Ọ̀gá Fáàfù ò mọ ìgbà tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, ẹ dákun. Fáàfù yín ò sí níbẹ̀. Mo rò pé Bàbá ti kú, mo yọ gbogbo rẹ̀ fún ẹlòmíì. Iná ẹ̀tàn ni mo tàn sínú rẹ̀."

Àwo kejì já bọ́.

"Èmi pẹ̀lú rẹ nìkan la wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn," Bàbá ní. "O ò sọ fún mi. Ìgbà tí inú ìyàwó mi dùn tán lo wá rántí òótọ́?"

Ẹrù tó wúwo lọ́rùn Ọ̀gá Fáàfù ló sọ̀, orí ìyá afọ́jú ló sì sọ̀ ọ́ lé.

"Ẹ bá mi pa á," Ìyá ní.

Bàbá na ọwọ́ sí bọ́tìnnì iwájú, ó yí i. Orin ń lọ. Ó tún yí i padà, ó yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Orin ń lọ. Ọ̀gá Fáàfù dìde, ó fa àpótí náà kúrò lára ògiri, ó rá wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń fọwọ́ wá bọ́tìnnì kékeré tó ń pa ẹ̀rọ tuntun náà, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi pamọ́ sábẹ́ pákó, tọkọtaya àgbà náà sì dúró, wọ́n ń dúró dè é.