Férémù Irin tí Veijo Rà De Ìyá Rẹ̀

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Veijo Rintamäki fi wa bọ́ọ̀sì káàkiri ìlú Ilmajoki, kò sì sí èrò kan tó lè ní ó já òun sílẹ̀ sínú yìnyín rí. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan péré, níbi ìsìnkú Tauno ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló sọ ọ́ di ẹni tí kò lè wojú ènìyàn mọ́.

Àwọn ará ilé fúnra wọn ló máa ń gbé òkú wọn níbẹ̀. Ẹni mẹ́fà á fi ọ̀já aṣọ kọ́ pósí sí èjìká, wọn á sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sínú sàréè. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún òsì Veijo yẹ̀. Ọ̀já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí pósí já lulẹ̀ gbì, Tauno sì wọ ilé ìkẹyìn rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ kàn ń bá àdúrà lọ. Nígbà tí wọ́n jókòó ti kọfí lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ yìnyín ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ bú u, ì bá sàn. Ẹnu tí wọ́n pa mọ́ yẹn ló ń gún un bí ẹ̀gún.

Saimi ìyá wọn, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, jókòó sórí àga lẹ́bàá sàréè, ó ń wò. Veijo nìkan ló kù fún un báyìí. Bí ọjọ́ tirẹ̀ bá dé, Veijo ni yóò dúró níwájú pósí. Ohun tí kò jẹ́ kó sùn nìyẹn.

Ẹni tó ń tọ́jú orúnkún ní ilé ìwòsàn ní kó máa fi irin sí èjìká, kó máa lóṣòó, kó máa dìde. Jíìmù tí wọ́n ti ń gbé irin wà nílùú lóòótọ́, ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú àwọn tó gbé pósí náà ló ń lọ síbẹ̀. Ó kúkú wakọ̀ lọ sí ìlú Seinäjoki láti ra tirẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó ní apá bí itan ló pàdé rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Kí lẹ ń wá?"

"Férémù tí wọ́n ń gbé ọ̀pá irin lé."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ lò ó?"

"Ọmọ mi ni."

Veijo kò bímọ. Kí Olúwa dárí jì í, ojú ló ń tì í.

"Báwo lọmọ yín ṣe ga tó?"

"Ó ga tó mi."

Ọmọbìnrin náà wo bó ṣe ń tiro. "Ṣé orúnkún ń dun òun náà ni?"

Etí Veijo pọ́n. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín o, ó mú un lọ wo ọjà. Èyí àkọ́kọ́ kò ju òpó méjì lọ, ó fúyẹ́, kò sì wọ́n. "Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, irin á bá ènìyàn dé ilẹ̀ ni o." Èkejì ní òpó mẹ́rin bí àgò adìyẹ, irin méjì sì dábùú rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó fọwọ́ gbá wọn. "Èyí rèé, bàbá. Bí orúnkún bá kọ̀, irin méjì yìí ló máa gba ẹrù yẹn. Kò ní kanlẹ̀ láéláé."

Kò ní kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dé ibi tó ń dun Veijo. Kò béèrè nǹkan mìíràn, èyí olópòó mẹ́rin ló rà.

Ní Sátidé, ó tò ó sínú gáréèjì ọkọ̀ ilé tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń gbé. Ní Mọ́ńdè tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ẹní mẹ́rin tí wọ́n fi àkísà hun lórí férémù náà, ìyá rẹ̀ sì ń fi igi lù wọ́n, eruku ń sọ.

Kò sí àgbàlá kan ládùúgbò náà tí kò ní férémù tí wọ́n ń sá ẹní sí. Tauno ló fi igi kan tiwọn. Igi náà ti jẹrà, ọdún mẹ́fà sì ni Saimi ti ń bẹ̀bẹ̀ fún òmíràn.

"Veijo ọmọ mi!" Omi lé ròrò sójú ìyá. "Onírin lo rà fún mi! Èyí á gbẹ̀yìn mi."

Ojú ti Veijo láti sọ òótọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ló wí.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìyá ti ròyìn fún gbogbo ìyá ìjọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: "Mo gbọ́ oore tí o ṣe fún ìyá rẹ." Àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ gbé pósí dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń mi orí. Ó wu Veijo kí ilẹ̀ lanu.

Lórí oúnjẹ ọ̀sán ló jẹ́wọ́.

"Màmá, férémù yẹn, kì í ṣe fún ẹní."

"Kí la wá ń fi ṣe?"

"Èmi ni mo fẹ́ máa fi lóṣòó, kí orúnkún mi lè le. Torí ọjọ́ tí ẹ bá…"

"Ọjọ́ tí mo bá kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O ra irin dè mí."

"Ẹ má bínú, Màmá."

Saimi gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó dìde, ó wọ ilé ìwẹ̀ níbi tí ìwọ̀n wà, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó padà wá.

"Kìlò mẹ́rìndínláàádọ́ta. Pósí ńkọ́?"

"Ó lè tó ogójì kìlò."

"Ẹni mẹ́fà ni yóò sì gbé e. Pín in."

Veijo pín in lọ́kàn. "Kò pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Torí ohun tí kò tó àpò ọ̀dùnkún kan lo ṣe ra àgò irin! Tauno ló jẹun sanra, èmi kò jẹun bẹ́ẹ̀." Ó nawọ́ mú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. "Jẹ́ ká lọ."

Nínú gáréèjì, ó jókòó lórí àpótí ọ̀dùnkún. Kò gbà kí wọ́n ká ẹní kankan kúrò. Ó ní kó tì wọ́n sápá kan. Veijo bọ́ sábẹ́ ọ̀pá, ó lóṣòó. Orúnkún dún pẹ́ú. Ó fẹ́ dìde, ara kọ̀. Ọ̀pá náà bọ́ sórí irin méjì yẹn gbàgà, kò kanlẹ̀. Veijo wà lórí ìdí láàárín àwọn ẹní, ojú rẹ̀ pọ́n bí iná, ó ń retí kí ìyá rẹ̀ wojú fèrèsé, kó sọ̀rọ̀ yìnyín.

Ìyá kò gbójú kúrò.

"Mo rí i," ló wí. "Lọ́jọ́ ti Tauno náà, mo rí i. Tún un ṣe."

Ojú ṣì ń ti Veijo. Ó rá jáde, ó gbé ọ̀pá náà padà sókè, ó sì tún bọ́ sábẹ́ rẹ̀.