Bí Mo Ṣe Wá Íńtánẹ́ẹ̀tì fún Ìyá Mi

Etí ìyá mi ti di pátápátá nígbà tí mo fi yàrá tí mo háyà ní Ajah sílẹ̀, tí mo padà sí abúlé wa lẹ́yìn Lakowe. Kì í ṣe ọjọ́ kan ló di. Ó kọ́kọ́ ń sọ pé à ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ jù. Lẹ́yìn náà ó ní rédíò òun ti bàjẹ́. Nígbà tó yá, ọkọ̀ tó ń kó yẹ̀pẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lójú títì, kò sì gbọ́ hòònù rárá. Bàbá wa ti kú, kò sí ẹlòmíràn nílé. Mo kó ẹrù mi wá, mo sì ń wọ bọ́ọ̀sì láràárọ̀ lọ sí ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ajah.

Ọmọ méjì péré ni Ìyá bí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti lọ sí Kánádà láti bí ọdún mẹ́tàlá, kò sì padà wá rí. Lọ́dọọdún ló ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Kí etí Ìyá tó di, ọjọ́ Sátidé ló máa ń pè. Ìyá á jókòó sórí àpótí lẹ́bàá kànga, á máa pariwo sínú fóònù bí ẹni pé ohùn rẹ̀ ni yóò fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀hún. Nígbà tí kò gbọ́ mọ́, á gbé fóònù náà sétí, á wá nà án sí mi.

"Kí ló wí?"

Màá kojú sí i, màá sì máa tún un sọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá ti kọ́ bí a ṣe ń fi ojú gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí ètè. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Bí ènìyàn bá ṣáà ti kojú sí i nínú ìmọ́lẹ̀, kò sí ohun tó sọ tí kò ní mọ̀.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ó ti sú mi kí n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu rẹ. Jẹ́ kí n rí ẹnu òun gan-an."

Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ilé wa.

Ní Ajah, mi ò ronú kan íńtánẹ́ẹ̀tì rí. Ó wà níbẹ̀ bí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti kọjá Lakowe, tí ọ̀kadà sì yà kúrò lójú títì sínú iyanrìn, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn. Nílé wa, a lè pe ènìyàn bí a bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ti fídíò kọ́. Ojú ẹ̀gbọ́n mi á yọ, á gan, ètè rẹ̀ á dúró sí àárín ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìyá kì í gbójú kúrò lára ètè tó gan náà.

"Ó ní 'bá.' Bá kí ni? Bàbá? Àbí báwo?"

Kò sí síìmù tí wọ́n ń tà tí mi ò rà. Ọkùnrin kan ní ìsọ̀ fóònù ní Ajah ta rúútà kan fún mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ gbé èyí lọ. Kò lè dójú tì yín." Mo so ó mọ́ orí ọparun, mo gbé ọparun náà dúró lẹ́yìnkùlé. Ó ṣiṣẹ́ fún òwúrọ̀ méjì, ó sì kú. Nígbà tí mo gbé e padà, ọkùnrin náà tàn án níṣojú mi, fídíò sì ń lọ bí omi.

"Ẹ ò rí i? Ẹ̀rọ ò ní àbùkù. Abúlé yín ló jìnnà sí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì."

Lẹ́yìn òjò ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò gba iwájú ilé wa. Mo béèrè, wọ́n ní wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ń rì. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bu omi tútù fún gbogbo wọn. Ẹ́sítéètì tó wà níwájú ni wáyà náà ń lọ, lórí ilẹ̀ tí bàbá bàbá mi ti ń gbin ẹ̀gẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Mo bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀, mo ní kó fà á wọlé wa, màá san ohunkóhun tó bá jẹ́. Ó gba omi náà mu tán kó tó dá mi lóhùn.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Àwọn tó wà nínú géètì nìkan ló wà nínú ìwé."

Ìyá béèrè ohun tó sọ. Mo ní, "Ó ní kò kàn wá."

Ó wo kòtò náà láti òpin kan dé èkejì. "Ó gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá," ó ní, "kò sì kàn wá."

Bíríkìlà kan tó mọ bàbá wa ló ràn wá lọ́wọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ́sítéètì náà, ó sì ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń dára lókè ilé alájà mẹ́ta kan tí wọn ò tíì kọ́ tán. Ọjọ́ Àìkú kan tí iṣẹ́ ò sí, ó mú wa wọlé. Àtẹ̀gùn náà ò ní ohun tí a lè dì mú. Ìyá fi ọwọ́ kan di èjìká mi mú, ó fi èkejì tẹ ara ògiri, a ń sinmi ní àjà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dókè, a ń rí ọ̀sà, a sì ń rí àwọn ẹ̀rọ gíga tí wọ́n fi ń kọ́lé lọ́nà Free Zone, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

Inú mọ́tò ló ti gbé e, níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀, ó dé fìlà tó bo etí. Àwòrán náà ò mọ́ tó, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ń lọ.

"Kí ló dé tí o jókòó sínú òkùnkùn?" Ìyá bi í.

"Ibi iṣẹ́ ni mò ń lọ, Ìyá. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ìyá pariwo, ó gbá mi lápá. "Mo rí i! Ó ní ṣé mo ti jẹun!"

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ kó tó já. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni Ìyá ń tún sọ, ṣé mo ti jẹun, ṣé mo ti jẹun, bí ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní ewì. A lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà kẹta, wọ́n ti kan òrùlé, wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn ṣọ́ géètì. Ó ní a kì í ṣe ará ibẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ nípa àwo kan tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ojú ọ̀run. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo fẹ́ fi owó àjọ mi rà á. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn.

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu," ó ní. "Èyí tí a ń bá ara wa sọ yìí náà ti tó."

"Ó tó fún ọ. Kò tó fún Ìyá."

Ó ní kí n dúró di ọdún tó ń bọ̀. Mo bínú sí i. Mo ní òun ló sá lọ sí ìlú òyìnbó, èmi ni mo wà pẹ̀lú Ìyá, kó má sọ ohun tí màá ṣe fún mi. Ọ̀rọ̀ yẹn, bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ó máa ń ká mi lọ́wọ́ kò níbi tí mo bá jókòó sí.

Alhaji kan ní Ajah, tó ti ń so àwo tẹlifíṣọ̀n mọ́ orí ilé àwọn ènìyàn láti ọjọ́ pípẹ́, ló bá mi rà á. Lọ́sàn-án Sátidé kan, lẹ́yìn tó kírun tán, ó gun òrùlé wa, ó de àwo náà mọ́ òpó irin, ó so ó pọ̀ mọ́ bátìrì tó ń gba iná látinú oòrùn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Bísímílláhì," ó tẹ fóònù mi. Fídíò tó ṣí, kò gan, kò kọsẹ̀. Ìyá ti wẹ̀, ó ti ró ìró tuntun, ó kun páúdà. Mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi tẹ́lẹ̀. Mo pè é bẹ́ẹ̀.

Orí ibùsùn ló wà. Ó ti mọ̀ wá sí àwọn tí àwòrán wọn kì í mọ́, kò sì fi nǹkan kan pamọ́ lọ́jọ́ náà àfi orí rẹ̀ tó wà nínú fìlà. Ó rẹ́rìn-ín sí wa. Ìyá ò rẹ́rìn-ín padà. Ó sún mọ́ fóònù náà.

"Bọ́ fìlà yẹn."

"Òtútù ń mú níbí, Ìyá."

"Mo ní kí o bọ́ ọ."

Ó bọ́ ọ. Irun rẹ̀ ti re. Ojú rẹ̀ wú lábẹ́ ẹyinjú, awọ ara rẹ̀ sì ti dúdú lọ́nà kan tí kì í ṣe ti oòrùn. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, tí mò ń sọ fún Ìyá pé ara rẹ̀ le.

"Na apá rẹ kí n rí i."

Ó na ọ̀tún.

"Èkejì."

Ó pẹ́ kó tó nà án. Iṣan kan wú ní apá òsì náà, ó lọ́ bí ejò tó sùn sábẹ́ awọ. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Kíndìnrín mi ni, Ìyá. Méjèèjì ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ ló ń gba apá yìí bá mi fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀."

Gbogbo rẹ̀ ni Ìyá gbọ́, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó yíjú sí mi. "Kí ló ní ó bàjẹ́?"

Mo gbé ọwọ́ mi sẹ́yìn ìbàdí mi, mo sì tún un sọ fún un. Alhaji, tó ṣì ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ lẹ́nu ọ̀nà, jáde síta.

Mo ní màá fún un ní ọ̀kan nínú tèmi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀wé béèrè fún físà Kánádà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ̀. Nǹkan kan ṣoṣo tó kù tí a lè ṣe ni Ìyá ń ṣe. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán tiwa, ẹ̀gbọ́n mi á gbé fóònù rẹ̀ ti ara ẹ̀rọ nílé ìwòsàn. Níbí, Ìyá á gbé tirẹ̀ ti ara agolo, á jókòó síwájú rẹ̀, á máa bó ẹ̀gúsí. Wákàtí mẹ́rin ni. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Oorun máa ń gbé e lọ, Ìyá á sì máa wò ó. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, á gbé ìka sẹ́nu sí mi.

"Ó ń sùn."

Òun tí kò gbọ́ nǹkan kan ló ń ní kí n má pariwo.

Bí òjò ńlá bá ń rọ̀ nìkan ni íńtánẹ́ẹ̀tì náà máa ń lọ, kì í sì í pẹ́. Bó bá ṣẹlẹ̀, Ìyá á dìde lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ojú ọ̀run títí òjò yóò fi dá.

Oṣù mẹ́jọ ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́rú kan, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè mí níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ó ní ọkàn ọkọ òun ló dúró kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Mi ò mọ bí mo ṣe dé Lakowe. Nígbà tí mo wọlé, Ìyá wà níwájú fóònù, ẹ̀gúsí wà nínú àtẹ, kò tíì bó ọ̀kan.

"Kò tíì pè," ó ní. "Àbí íńtánẹ́ẹ̀tì ti lọ ni?"

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo kojú sí ìmọ́lẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe. Mo la ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ kankan tó jáde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu mi.

"Má sọ ọ́."

A jókòó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu mi, títí omijé mi fi ṣàn sórí ìka rẹ̀.

Orí fóònù náà la ti rí ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi. Ènìyàn díẹ̀ nínú kóòtù dúdú, ilẹ̀ líle, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tí a ò fojú kojú rí. Àwọn aládùúgbò kún yàrá wa. Alhaji wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá wo gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwòrán náà mọ́ kedere, kò já lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn kan sọ pé ká ní mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà ni, Ìyá ì bá ti ní ìsinmi ọkàn fún oṣù mẹ́jọ yẹn. Bóyá òótọ́ ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, a jọ ń ká aṣọ, ó ní, "Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Báwo ló ṣe rí kẹ́yìn?"

Mo ní, "Ó wá dà bíi ti Bàbá."

"Ti bàbá yín?" Ó di aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú. "Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń lọ."

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń pe Ìyá ní Sátidé báyìí. Wọn ò gbọ́ Yorùbá, Ìyá ò gbọ́ nǹkan kan, kò sì lè mọ ohun tí ètè wọn ń sọ lédè òyìnbó. Wọ́n á gbé ìwé tí wọ́n yàwòrán sí sókè fún un, wọ́n á gbé ológbò wọn sókè. Ìyá á fi ẹyin adìẹ hàn wọ́n, á fi iṣu hàn wọ́n. Nígbà tí kò bá sí nǹkan mìíràn láti fi hàn, wọ́n á kàn jókòó, wọ́n á máa wo ara wọn.