Àgbáyun Tó Mú Omi Kíkan Dùn Lẹ́nu Bàbá Mi

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo mu omi ìṣápá àti ọsàn wẹ́wẹ́ tó ti di yìnyín. Ẹyọ ṣúgà kan kò sí nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó dùn lẹ́nu mi ju oyin lọ. Etí títì ní Ìyànà Ọ̀fà ló ti ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ń yan ọ̀dà títì bí ẹni ń yan àgbàdo. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ìwòsàn ni, níbi tí nọ́ọ̀sì kan ti fi abẹ́rẹ́ gún ìka mi, tó wo ojú ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, tó sì mi orí.

"Ṣúgà yín ti ń gòkè, mà," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká tètè dá a dúró."

Òórùn ìṣápá tí wọ́n fi atalẹ̀ sè ló dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan jókòó ti kúlà rẹ̀ lábẹ́ agboòrùn, ó ń ta omi èso dídì nínú ọ̀rá. Mo fi eyín já etí ọ̀rá kan, mo fà á mu, ojú mi sì fún pọ̀.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì," ni ọmọ náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àwọn nọ́ọ̀sì ló ní kí n má fi ṣúgà sí i. Èso nìkan ló wà níbẹ̀."

Ìyá àgbàlagbà kan tó ti oko dé ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ nítòsí wa láti sinmi. Lórí ewé kókò tó fi bo apẹ̀rẹ̀, mo rí èso pupa kan, kékeré bí ọmọ ìka ọwọ́ ìkókó. Mo tọrọ ẹyọ kan. Mo yí i ká lórí ahọ́n mi títí ẹran ara rẹ̀ fi tán, mo tu kóró rẹ̀ dànù, mo sì padà sídìí ọ̀rá mi. Ibẹ̀ ni oyin ti dé.

"Mọ́mì, kí lẹ jẹ?" Ojú mi tó ti tú ká ni ọmọ náà ń wò.

Kò mọ àgbáyun. Ọmọ Lágelú ni, wọ́n bí i síbẹ̀, kò sì mọ àgbáyun! Ìyá olóko rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nítorí ọmọbìnrin yẹn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Abúlé wa kò ju ìrìn wákàtí kan lọ sí Ìyànà Ọ̀fà nígbà náà. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi. Aládùúrà ni àwa, àwọn ará ilé Rábíátù ọ̀rẹ́ mi sì jẹ́ Mùsùlùmí. Ògiri kan ló là wá láàrin, ṣùgbọ́n ògiri náà ti ya lulẹ̀ ní apá kan kí wọ́n tó bí àwa méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó tún un mọ. Ibẹ̀ ni iná ìdáná ń gbà, ibẹ̀ ni iyọ̀ ń gbà, ibẹ̀ náà ni èmi àti Rábíátù ń gbà.

Fírísà kan ṣoṣo tó wà lábúlé, ti Ìyá Rábíátù ni. Ó ti dípẹtà lẹ́sẹ̀, ó sì ń kùn bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ tó ń kùn ni yóò pariwo pé iná ti dé. Kí a tó ka ení dé ẹ̀wá, àwọn ọmọdé ti pé sẹ́nu ọ̀nà, ẹnìkọ̀ọ̀kan fẹ́ fi ahọ́n kan yìnyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò o. Ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ ọn nígbà kan, omi gbígbóná ni wọ́n fi yọ ọ́.

Mo wà ní ìwé kẹfà ní ẹ̀ẹ̀rùn tí kùkùté kan gún bàbá mi lẹ́sẹ̀ lóko. Ojú ọgbẹ́ náà kọ̀, kò jiná. Nígbà tí bàbá mi dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ló fà á. Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ ọgbẹ́ náà, obìnrin gíga kan tí n kò rí eyín rẹ̀ rí, kò fi ọ̀rọ̀ bò.

"Bàbá," ló wí lójú gbogbo wa, "bí ẹ bá fi ohun dídùn sílẹ̀, tí ẹ sì ń lo oògùn yín, a ó jọ máa wo ẹsẹ̀ yìí. Bí ẹ kò bá fi í sílẹ̀, n óò kọ ìwé fún yín lọ sí Ìbàdàn. Gígé ni wọn yóò gé e."

Ó dá ìgbà fún wọn: títí ọjọ́ tí àwọn Mùsùlùmí yóò fi túnnu. Ààwẹ̀ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ó ku bí ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun dídùn tí bàbá mi kò lè fi sílẹ̀ ni ẹlẹ́rìndòdò inú ìgò. Bí wọ́n bá ti oko dé nínú ooru, ìgò méjì ni wọ́n ń mu láìmí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, wọ́n búra pé àwọn ti jáwọ́. Ní ọjọ́ kejì, màmá mi fẹ́ fọ aṣọ, wọ́n sì bá ìgò òfìfo nínú apá ẹ̀wù funfun tí bàbá mi fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Olówó orí mi," ni màmá mi wí, wọ́n gbé ìgò náà sókè, "ṣé áńgẹ́lì ló mu eléyìí?"

"Òùngbẹ lẹ fẹ́ fi pa mí," ni bàbá mi dáhùn. "Ooru ń mú mi. Omi lásán kò lè pa òùngbẹ àgbẹ̀."

Màmá mi gba ojú ògiri tó ya kọjá, wọ́n lọ bá Ìyá Rábíátù. Ní gbogbo ààwẹ̀ ni Ìyá Rábíátù máa ń ṣe omi ìṣápá dídì fún àwọn tó ń ṣínu ní mọ́ṣáláṣí, ṣúgà sì máa ń pọ̀ nínú rẹ̀ bí iyanrìn. Màmá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa ṣe ọ̀tọ̀ tí kò ní ṣúgà.

"Ọ̀tọ̀ kẹ̀?" ni Ìyá Rábíátù wí. "Ṣé àrùn àkóràn ló ń ṣe wọ́n ni? Ọ̀kan náà ni gbogbo wa yóò mu. Ẹ mú bàbá wá bá wa ṣínu."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bàbá mi ṣe di ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀, wọ́n rán èmi àti Rábíátù lọ já ọsàn wẹ́wẹ́ lóko. Rábíátù ń gba ààwẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó sì ń rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Igi àgbáyun kan wà létí ọ̀nà oko, ó so títí ó fi pupa. Rábíátù ká tirẹ̀, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.

"Èyí ni n óò fi ṣínu," ló wí. "Ìwọ máa jẹ tìẹ lọ, ọ̀jẹun."

Mo sì jẹ ẹ́. Mo ń jẹ ẹ́ bọ̀ lójú ọ̀nà títí a fi délé.

Ìyá Rábíátù ti fọ ìṣápá pupa, wọ́n ti fi atalẹ̀ tí wọ́n gún sè é, wọ́n fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ó sì ti tutù nínú agbada ńlá. Omi ọsàn mímu wà nínú rẹ̀, kí ó lè ní adùn díẹ̀. Ó ku ọsàn wẹ́wẹ́, èyí tí wọ́n ń fi ahọ́n wọ̀n: a ó fún un díẹ̀, a ó tọ́ ọ wò, a ó tún fún un. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ń gba ààwẹ̀. Ta ni yóò tọ́ ọ wò?

"Ìwọ ọmọ aládùúrà," ni Ìyá Rábíátù pè mí. "Ìwọ lẹnu ẹ ṣófo láti ṣiṣẹ́. Máa bọ̀."

Mo tọ́ ọ wò. Ó dùn! Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí lù. Mo rántí nọ́ọ̀sì gíga, mo rántí gígé. Mo ní, "Mà, ó dùn jù. Ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ kún un." Wọ́n fi kún un. Ó ṣì dùn. Mo ní kí wọ́n tún fi sí i. Rábíátù ń gé, ìyá rẹ̀ ń fún, èmi ń fi ìka lá a, mo ń sọ pé kò tíì tó, títí apẹ̀rẹ̀ ọsàn wẹ́wẹ́ náà fi ṣófo pátápátá.

"Ọsàn ọdún yìí mà dùn o," ni Ìyá Rábíátù wí tìyanu-tìyanu. A dì í sínú ọ̀rá, a tò ó sínú fírísà. Ọlọ́run sì jẹ́ kí iná wà títí di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, a pé sí iwájú mọ́ṣáláṣí. Àga ni wọ́n gbé fún bàbá mi, wọ́n sì fi àpótí tì í lẹ́sẹ̀. Ládàánì pe ìrun. Lẹ́mọ́mù, bàbá arúgbó oníwà jẹ́jẹ́, wí pé "Bísímílà", wọ́n sì fà á mu. Ojú wọn kan pa dé fúnra rẹ̀.

"Lahaolá!" ni ẹnìkan kígbe lẹ́yìn. Ẹlòmíràn ń tutọ́. Ọmọdé kan bú sẹ́kún.

Lẹ́mọ́mù mí kanlẹ̀. "Ìyá Rábíátù," ni wọ́n wí, "ṣé ìyà ọ̀sán kò tó wa ni?"

Bàbá mi gbé ọ̀rá tiwọn sílẹ̀ lórí àpótí. Wọn kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ó tán," ni wọ́n wí. "Bí èyí bá ni ọ̀nà àbáyọ, èmi padà sídìí ìgò mi."

Mo rí ojú màmá mi. N kò tíì gbàgbé ojú náà títí di òní.

Ìgbà náà ni ohùn kan dún láàrin àwọn ọmọdé: "Ó mà dùn o! Ẹ fún mi sí i!"

Rábíátù ni. Ó ti fa ọ̀rá kan mu tán, ó ń wá èkejì.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni ìyá rẹ̀ wí, "ṣé ebi ti yí ẹ lórí ni?"

Ìyá àgbà rẹ̀, tí wọ́n jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ló béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò. "Rábíátù, kí lo fi ṣínu?"

"Àgbáyun ni, Ìyá."

Ìyá àgbà yí ojú sí mi jẹ́jẹ́. "Ìwọ atọ́wò ńkọ́? Kí lo jẹ bọ̀ láti oko?"

Ìka ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò. Lẹ́mọ́mù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, fìlà wọn bọ́ sílẹ̀, gbogbo àwùjọ sì gbà á lẹ́nu wọn. Ìyá àgbà tú etí ìró Rábíátù, àgbáyun díẹ̀ ṣì kù níbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí aláìsàn kọ́kọ́ jẹ," ni wọ́n wí.

Bàbá mi jẹ ẹyọ kan bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbé ọ̀rá wọn, wọ́n fà á mu. Wọ́n dúró. Wọ́n tún fà á. Wọ́n wo inú ọ̀rá náà.

"Ta ló fi oyin sí i?"

Láti ọjọ́ náà títí ààwẹ̀ fi parí, ojoojúmọ́ ni èmi àti Rábíátù ń lọ sídìí igi náà. Ọ̀rá kan ni bàbá mi ń mu lálẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ jẹ àgbáyun. Apá ẹ̀wù funfun wọn sì padà di ilé ọwọ́ nìkan, kò sí ìgò níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, a tẹ̀lé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gíga tú ọ̀já, ó sì tẹ ìdí ọgbẹ́ náà.

"Ẹran tuntun ti ń hù," ló wí. Ọjọ́ yẹn ni mo rí eyín rẹ̀.

Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí ròyìn àgbáyun, ṣùgbọ́n ó dá wọn lẹ́kun. "Kì í ṣe oògùn o. Oògùn tí wọ́n lò àti ìgò tí wọ́n fi sílẹ̀ ló ṣiṣẹ́." Òótọ́ ló sọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni bàbá mi fi rìn dọ́jọ́ ogbó.

Ọ̀nà oko yẹn ti di ojúlé báyìí. Wọ́n ti gé igi àgbáyun náà, wọ́n sì ti fi búlọ́ọ̀kù mọ ògiri tó ya, ó ga, ó sì ní àfọ́kù ìgò lórí. Fírísà wà nílé gbogbo, ṣúgà sì wà nínú ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n ìṣápá kò tíì yí òórùn rẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ni Rábíátù kò yí ẹnu rẹ̀ padà. Akanran ló ń gbé, ó ti ní ọmọọmọ. Mo pè é lórí fóònù lálẹ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì rí nínú ẹ̀jẹ̀ mi.

"Igi kan wà lẹ́yìnkùlé mi," ló wí. "Wá ká a. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni n óò tọ́ ọ wò."

Kí n tó kúrò ní Ìyànà Ọ̀fà, mo ti padà wọ ilé ìwòsàn lọ sọ fún nọ́ọ̀sì tèmi nípa àgbáyun. Ó gbọ́ ọ délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa mu omi kíkan náà, ife kan lójúmọ́, nítorí èso náà ní ṣúgà tirẹ̀. Kí n máa rìn láàárọ̀. Kí n sì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kí wọ́n lè mọ̀ bóyá wọ́n á fún mi ní oògùn.

"Ẹ mú àgbáyun díẹ̀ dání fún mi, mà," ló wí, ó ń nu ẹ̀rọ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ rántí o, ẹnu nìkan ló lè tàn. Ẹ̀rọ yìí kò lẹ́nu."