Orúkọ Tí Títílọpẹ́ Kò Mọ̀

Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni ìyá Títílọpẹ́ fi ń sọ̀rọ̀ kó tó kú, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń sọ nínú ilé wọn ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́.

Ìkáràmù ní Àkókó ni wọ́n ti bí ìyá náà. Èdè ibẹ̀ yàtọ̀ sí Yorùbá pátápátá; ìlú mélòó kan péré ló ń sọ ọ́. Nígbà tó fẹ́ ọkọ ará Ọ̀wọ̀, ọkọ ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fi èdè tí òun ò gbọ́ tọ́ ọmọ òun. Obìnrin náà gbà. Yorùbá ló fi rẹ Títílọpẹ́ lẹ́kún, òun ló sì fi kọ́ ọ ládùúrà. Àfìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú lọ́jọ́ mọ́kànlá kó tó kú, tí Yorùbá pa rẹ́ lẹ́nu rẹ̀, tó ku èdè Ìkáràmù nìkan.

Títílọpẹ́ gbàyè níbi iṣẹ́ ìjọba, ó ń fún un lẹ́kọ mu, ó ń nù ún lára. Gbólóhùn kan náà ni ìyá ń tún sọ, tí á máa wo ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, kí lẹ fẹ́?"

Á tún un sọ. Títílọpẹ́ gbà á sórí fóònù, torí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ohùn náà ò fi í sílẹ̀. Bó bá ń gbálẹ̀, á gbọ́ ọ. Bó bá jókòó ní ọ́fíìsì, á gbọ́ ọ lẹ́yìn àga rẹ̀. Ará ìjọ kan ló júwe Bàbá Oyèníyì fún un, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Oǹdó, ọmọ Ìkáràmù.

Títílọpẹ́ gbé ohùn tó gbà sílẹ̀ náà lọ bá a. Bàbá gbé fóònù sétí, ó dijú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbọ́ ọ.

"Ta ló ń tọ́jú ìyá rẹ nígbà yẹn?"

"Èmi nìkan ni, sà."

Bàbá gbé fóònù sílẹ̀. "Ó ní, 'Obìnrin yìí ń ṣe dáadáa sí mi, ṣùgbọ́n n ò mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi pe ọmọ mi.' Ó wá dárúkọ ọmọ náà."

Orúkọ Ìkáràmù ni. Títílọpẹ́ ò gbọ́ ọ rí.

"Èmi nìkan ló bí, sà."

"A jẹ́ pé ìwọ ni."

Bàbá tún tẹ fóònù. Nígbà tí ohùn ìyá dákẹ́, ó dá a lóhùn ní èdè wọn, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó wà níwájú rẹ̀.

"Kí lẹ sọ fún un, sà?"

"Mo ní o ti dé." Ó nu ojú rẹ̀. "Ọdún kẹfà rèé tí mo ti rí ẹni sọ èdè wa fún gbẹ̀yìn."

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni Títílọpẹ́ ń wọkọ̀ lọ sí Oǹdó láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀. Kò tíì rí i pè. Bàbá ní bó ṣe ń gbé ohùn sókè ní ìparí rẹ̀ yẹn, orúkọ ẹlòmíì ló ń pè.