Àyè Tó Ṣófo Lórí Kọ̀ǹpútà Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kà á. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Láti ìgbà tí mo ti Ìbàdàn padà wálé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù aládàáni kan ní Ìkẹ́rẹ́. Èmi ni mò ń bójú tó fáìlì àwọn aláìsàn. Bọ́sẹ̀dé ló wà nílé oògùn, sọ́fítíwià àtijọ́ kan ló sì ń lò. Ó máa ń lọ́ra, àmọ́ ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ oògùn kan, pupa ni orúkọ rẹ̀ máa ń hàn níbẹ̀.

Dókítà àgbà tó ni ọsibítù wá ní kí n wá sọ́fítíwià tuntun fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì, kí wíwá káàdì kiri lè dópin. Ọkùnrin kan wá láti Àkúrẹ́ pẹ̀lú tiẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ báyìí, fọ́tò aláìsàn ti jáde. Ẹ tún lè wò ó lórí fóònù. Ta ni kò ní fẹ́ràn rẹ̀?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Bọ́sẹ̀dé bi í. “Ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ṣé àwọn dókítà á máa rí i lórí tuntun yìí?”

Ọkùnrin náà ní kò le rárá, pé àwọn méjèèjì á jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀.

Nígbà tó lọ tán, Bọ́sẹ̀dé ní ká mú orúkọ aláìsàn mẹ́wàá tí òun mọ̀ dáadáa, ká fi dán an wò ná. Mo dá a lóhùn pé kò sáyè, pé òun kàn ń bẹ̀rù nǹkan tuntun ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo ti sọ fún dókítà àgbà pé a ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ojú sì ń tì mí láti padà lọ bá a.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, orúkọ àwọn aláìsàn wọlé sórí tuntun, ọjọ́ orí wọn wọlé, ìlú wọn náà wọlé. Ìwọ̀nyẹn ni mo yẹ̀ wò. Oògùn tí ara wọn kọ̀ ni kò wọlé. Àyè rẹ̀ kàn ṣófo, bíi ti ẹni tí oògùn kankan kì í bá jà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá kan tó ń gbin kòkó ní Ìṣẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀ wá. Ìyá Tọ́pẹ́ ni wọ́n ń pè é. Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kẹ̀, ibà sì mú un débi pé kò lè sọ̀rọ̀ tó já gaara. Ọkọ rẹ̀ jáde lọ ra omi. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò mọ̀ ọ́n rí, ló bá wo kọ̀ǹpútà. Àyè náà ṣófo. Ó ní kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì, nọ́ọ̀sì sì mú oògùn náà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọ́ọ̀dù, kò dé ọ̀dọ̀ Bọ́sẹ̀dé rárá.

Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi wú, tí èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Wọ́n sa gbogbo agbára wọn. Kí ọ̀sán ọjọ́ náà tó pọ́n, ó ti kú.

Bọ́sẹ̀dé pè mí wọ ilé oògùn, ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Orúkọ obìnrin náà pupa fòò. Bọ́sẹ̀dé jókòó, ó ń sunkún.

Ọkùnrin Àkúrẹ́ ní ìsopọ̀ tí àwọn ṣe kò kan abala yẹn, pé ṣe ló yẹ kí n dárúkọ rẹ̀. Dókítà àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ju pé ara obìnrin náà ló kọ oògùn. Mi ò lè sùn. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìṣẹ́.

Bàbá Tọ́pẹ́ jókòó síwájú ilé. Ó ní, “Wọlé, ulé rèé.” Mo dúró síta, mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí.

Ó ní, “Nígbà tí abẹ́rẹ́ yìí kọ́kọ́ bá a jà, ọ̀dọ̀ yín náà ni mo gbé e wá. Ẹ ní ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ní kí n má ṣèyọnu mọ́.”

Mo ní, “A kọ ọ́ sílẹ̀, bàbá. Èmi ni mi ò rí i dájú pé yóò dé ọ̀dọ̀ dókítà.”

Kò ṣépè. Ó kàn ní kí n máa lọ.

Mo fiṣẹ́ sílẹ̀. Kí n tó lọ, èmi àti Bọ́sẹ̀dé fi ọjọ́ mẹ́ta fọwọ́ kọ gbogbo orúkọ tó pupa, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri wọ́ọ̀dù. Wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yan irú nǹkan báyìí, ẹ má jẹ́ kí ẹwà rẹ̀ tàn yín. Ẹ bi ẹni tó ń lo ti àtijọ́ léèrè ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọnù, kẹ́ ẹ sì fojú ara yín rí i lórí tuntun. Tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ yín, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọnù nìkan ni kẹ́ ẹ sọ, bóyá ẹlòmíì á tètè lọ wò ó lórí tiwọn lónìí.