Ìyá Tó Lọ Wẹ Ọmọ ní Ìlú Àwọn Arúgbó

Orí àpáta lẹ́yìn Ogbooro ni Ojúọlápé wà, ó ń sá iṣu èlùbọ́, nígbà tí Jùmọ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ pè é láti Ítálì pé òun ti lóyún. Ó jókòó sórí àpáta náà. Àpáta tí oòrùn ti mú gbóná ń jó o nídìí, kò tilẹ̀ mọ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí Jùmọ̀kẹ́ ti wọlé ọkọ, ìgbàkígbà tí ìyá bá sì dọ́gbọ́n béèrè, èsì kan náà ni: "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ríbi jókòó ná."

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn tó létí obìnrin yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Jùmọ̀kẹ́ kọ́ ni ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi pè é. Ìyá Débọ́lá ni wọ́n ń pè é nígbà èwe rẹ̀. Débọ́lá ti ń sáré kiri, àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò, ni èéyi wọ Ogbooro ní ọ̀gbẹlẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan náà ló mú àwọn méjèèjì lọ. Agbo ilé tí kò sin ọmọ lọ́dún náà kò pọ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn èèyàn kò mọ ohun tí wọn yóò máa pè é mọ́. Wọ́n á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n á la ẹnu, wọ́n á rántí, wọ́n á sì yí i sí "ẹ kú iṣẹ́ o." Bẹ́ẹ̀ ló wà títí Jùmọ̀kẹ́ fi dé. Wọn ò tíì sọ ọmọ náà lórúkọ tán tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Jùmọ̀kẹ́, bí ẹni tó ń sáré dí ihò ara ògiri.

Ó bí ọkùnrin méjì lé e. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, èéyi kò sì rí wọn gbé ṣe. Àwọn ọkùnrin náà gbéyàwó sí Àbújá, àwọn ìyá ìyàwó ló lọ wẹ ọmọ níbẹ̀. Ọmọ tí ọmọ rẹ obìnrin bá bí ni tìrẹ láti wẹ̀. Ojúọlápé tó ti wẹ ọmọ fún ìdajì àwọn abiyamọ àdúgbò kò tíì wẹ ọmọ ọmọ ti ara rẹ̀.

Ó di òrí àti kànrìnkàn tuntun sínú àpótí, ó sì wọ bàálù.

Ìlú kékeré kan lórí òkè ni Jùmọ̀kẹ́ ń gbé, ilé ìtọ́jú arúgbó ló sì ti ń ṣiṣẹ́.

Ojúọlápé bi í pé, "Àwọn ọmọ wọn dà?"

"Òmíràn ò bí rárá. Òmíràn bí ẹyọ kan, ẹyọ kan náà sì wà nílùú ọ̀nà jíjìn."

Ọmọ dé, wọ́n sọ ọ́ ní Ọpẹ́. Ojúọlápé wẹ̀ ẹ́, ó nà án, ó fi òrí pa á lára, ó jù ú sókè, ó gbà á. Nígbà tí atẹ́gùn tútù rọ̀, ó pọ̀n ọ́n jáde. Àwọn arúgbó tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì dìde wá wò ó. Ọ̀kan fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà bí ẹni ń wádìí bóyá òótọ́ ni. Ìyá àgbà kan tó ń gbé ní ilé òdìkejì bẹ̀rẹ̀ sí í wá láràárọ̀, á jókòó, á máa wo bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Lọ́jọ́ kan Ojúọlápé gbé ọmọ náà lé e lẹ́sẹ̀. Obìnrin náà fi imú kan orí ọmọ, kò sì gbé e kúrò fún ìgbà pípẹ́.

Nítòsí ibẹ̀ ni ilé ìwé kan wà tí wọ́n ti géètì rẹ̀ pa, koríko sì ti hù nínú ọgbà. Jùmọ̀kẹ́ ní kò sí ọmọ tí yóò wọ ibẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rù ba ìyá rẹ̀. "Àìsàn wo ló kó wọn lọ?"

"Wọn ò kú, ìyá mi. Wọn ò bí wọn ni."

Ojúọlápé mọ bí wọ́n ṣe ń sunkún ọmọ tó kú. Èyí tí wọn ò bí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sunkún tiẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ yóò padà sílé, Jùmọ̀kẹ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. "Ẹ má retí òmíràn o. Ọpẹ́ nìkan tó wa."

"Ta ni yóò bá a ṣeré?"

"Èmi àti bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin bí púpọ̀ torí pé ẹ ò mọ èyí tó máa kù. Èmi mọ̀."

"Kì í ṣe torí ìyẹn," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo fẹ́ràn wọn ni."

Ó padà sí Ogbooro, níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti pọ̀ ju àga lọ, tí kíláàsì kan ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ariwo wọn kì í jẹ́ kó gbàgbé ilé ìwé tí koríko hù sí náà. Bó bá gbé omi kaná láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa wá nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Lórí fóònù, Ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè ìlú ibẹ̀. Bí ojú ìyá ìyá rẹ̀ bá yọ, á sáré lọ wo ẹ̀yìn fóònù bóyá ibẹ̀ ló wà.

Nígbà náà ni Waheedat, ìyàwó Bàṣírù nínú agbo ilé wọn, bí ọmọ karùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ títí wọ́n fi sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣakí. Ó yè é, ó padà wálé, Ojúọlápé sì ń bá a wẹ ọmọ.

Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń ṣan ọmọ náà lómi, Waheedat sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ìyá Jùmọ̀kẹ́, mo fẹ́ lọ ṣe ìfètòsọ́mọbíbí. Bàbá àwọn ọmọ gbà. Ìyá ọkọ mi ló ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ."

Géètì ilé ìwé Ítálì ọjọ́sí ló wá sí Ojúọlápé lọ́kàn. Ó wà lẹ́nu rẹ̀ láti wí pé, máa bí wọn, ìwọ ò mọ ohun tó o ní. Ó gbójú sókè. Ètè Waheedat ṣì funfun, ó sì fara ti ilẹ̀kùn kó tó lè dúró. Ọmọ mẹ́rin wà lójúde tó ń pè é ní màmá.

Ó fún kànrìnkàn gbẹ. "Lọ wọṣọ."

Ní ilé ìwòsàn Ogbooro, nọ́ọ̀sì mú Waheedat wọlé, Ojúọlápé sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Òórùn òrí ń ti orí ọmọ náà wá. Nọ́ọ̀sì kejì tó ń kọjá rẹ́rìn-ín sí i. "Ṣé ọmọ-ọmọ yín ni, màmá?"

"Ọmọ-ọmọ mi wà ní Ítálì."

Ó rò ó pé Ọpẹ́ kò ní pẹ́ẹ́ mọ bí a ti ń dá wẹ̀. Ó fi imú kan orí ọmọ ọlọ́mọ, ó sì di ojú.

Waheedat jáde, ó na ọwọ́ láti gba ọmọ rẹ̀. Ó wo Ojúọlápé díẹ̀, ó sì ká ọwọ́ kò.

"Ẹ ṣì máa gbé e bọ̀," ó ní. "A ó máa rìn díẹ̀díẹ̀."