Ọ̀gànwó Mọ́kànlá

Òórùn koríko tútù tí àdá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tó dà pọ̀ mọ́ òórùn ẹrẹ̀ etí omi: bó bá ti kàn mí nímú báyìí, ojú a ti tì mí kí n tó rántí ìdí rẹ̀. Àgbà tí mo dà yìí náà ni o. Abúlé kan lọ́nà Ìrókò ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ó ku nǹkan bí ọdún méjì ká gba òmìnira. Tíṣà tuntun ni mí níbẹ̀, ìwé ń ta sánsán lára mi.

Igbó kékeré kan yí orísun omi abúlé náà ká. Àwọn agégẹdú ti kó àwọn igi ńlá inú rẹ̀ lọ, oòrùn wá ń dé ojú omi tààrà, débi pé bí ọyẹ́ bá ti mú, ẹrẹ̀ ni àwọn obìnrin ń bù. Ni àwa mẹ́jọ bá yọ̀ǹda ara wa láti máa tọ́jú igbó náà láràárọ̀ Sátidé. Ìyá kan nínú ìjọ Aládùúrà ni olórí wa. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé àdá sókè nínú igbó náà kí wọ́n tó fi ọ̀pá wọn ha ilẹ̀, kí wọ́n fi ìpín kálukú hàn án.

Adẹ́mu kan wà nínú wa, ẹgbẹ́ mi ni, ọ̀rẹ́ mi sì ni. Ẹnu rẹ̀ mú ju àdá rẹ̀ lọ. Ọwọ́ òsì ni mo ń lò, ìyẹn nìkan sì tó fún un láti fi ṣẹ̀fẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. "Tíṣà, ṣé koríko lò ń ro ni àbí ò ń kí i? Rọra o, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì nìyẹn!" Èmi náà a ní ọ̀pẹ nìkan ló lè fẹ́ ẹ, torí ọ̀pẹ nìkan ló ń jẹ́ kó dì mọ́ òun. A ó máa rẹ́rìn-ín títí Ìyá á fi na ọ̀pá sí wa.

Sátidé kan, mo ní n ó pa á lẹ́nu mọ́. Mo ti débẹ̀ kí oòrùn tó yọ, èmi nìkan. Mo bọ́ síbi tí koríko ti ga jù létí omi, mo ro ó, mo ro ó, ó mọ́ bíi pápá ilé ẹ̀kọ́ wa. Àwọn kan le díẹ̀ lábẹ́ àdá, àmọ́ ta ló ń bi igbó léèrè orúkọ? Mo wá yà sílé, kí n lè bá àwọn yòókù dé bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, kí n wo bí ẹnu adẹ́mu yóò ṣe là sílẹ̀.

Nígbà tí a débẹ̀, Ìyá lọ tààrà síbi tí mo ro. Wọ́n kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, wọ́n ń fọwọ́ wá àwọn kùkùté kéékèèké, wọ́n ń kà wọ́n.

"Mọ́kànlá," ni wọ́n wí. "Ọmọ igi ọ̀gànwó mi. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fi koríko ṣíji bò wọ́n. Àwọn ni ì bá rọ́pò èyí tí agégẹdú kó lọ. Ta ló ṣe èyí?"

Ẹ̀rín tí mo ti pèsè sílẹ̀ gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ mi. Ta ní í fura sí tíṣà? Adẹ́mu ni gbogbo ojú yí sí, torí òun ló ń gba ibẹ̀ lọ sídìí ọ̀pẹ rẹ̀ lójoojúmọ́.

"Èmi kọ́ o! Ọlọ́run rí mi." Ó kọjú sí mi. "Tíṣà, bá mi sọ fún wọn, o ṣáà mọ̀ mí."

Mo já ewé kan, mo ń fi nu àdá mi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Adẹ́mu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo kùkùté kan, ó wo ọwọ́ tí mo fi di àdá mú. Bàbá kan nínú wa ní kó má wọ igbó náà mọ́. Adẹ́mu gbé akèrègbè rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo dúró níwájú kíláàsì mi, mo kọ́ àwọn ọmọ pé purọ́ n níyì, ẹ̀tẹ́ ní í mú wá. Ohùn mi ò tilẹ̀ gbọ̀n. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀ ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Nígbà tó di pé oúnjẹ ò wù mí jẹ mọ́, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá, mo jẹ́wọ́. Wọn ò dáwọ́ ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó dúró.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Ibòmíì ni ojú àdá ọlọ́wọ́ òsì ń kọ sí. Adẹ́mu náà rí i."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò fi sọ ọ́, Mà?"

"Mo ní o máa sọ ọ́ fúnra rẹ kílẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó yá, mo ní bóyá lọ́la. Ọ̀la yẹn pẹ́ ju bí mo ti rò lọ. Èmi náà jẹ̀bi rẹ̀."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wa, mo sì lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà adẹ́mu. Ó fà mí dìde. Ó ní, "Mo ti gbọ́, sà. Ẹ má da ara yín láàmú."

Sà! Èmi tí òun fúnra rẹ̀ ní mò ń kí koríko! Ó padà sínú igbó náà, méje nínú àwọn kùkùté náà sì tún rú. Àmọ́ títí tí mo fi kúrò ní abúlé yẹn, "Ẹ káàárọ̀, sà" ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé àdá lódì níwájú rẹ̀, mo tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú sínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó nawọ́ sí mi, ó fà mí sókè, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Kò rẹ́rìn-ín.

O ṣáà mọ̀ mí, ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí mò ń sọ ìtàn yìí fún, kò sẹ́ni tí n kì í fi ṣẹ̀fẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá fi ọwọ́ òsì mi yìí ṣe yẹ̀yẹ́ padà, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n a rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.